Ológbò Tó Ní H-Index

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan, ẹni tó ń darí ètò gba máìkì, ó ní: "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n wa o! H-index wọn ti di 18!" Ayàn kọ́kọ́ dákẹ́, kò mọ ohùn tí dùndún máa fi sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó wá nǹkan lù ṣá, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú orí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí àrùn yìí kò tíì mú. Ní 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní San Diego, ní California, gbé h-index kalẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ onímọ̀. Bí o bá ní àpilẹ̀kọ 10, tí àwọn mìíràn tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ìwé tiwọn nígbà 10 ó kéré tán, 10 ni h-index rẹ. Òṣùwọ̀n náà kì í bèèrè bóyá ìyìn ni wọ́n ń yìn ọ́ tàbí èébú ni. Máa kọ irọ́ tí gbogbo ayé á máa kọ̀wé láti já, kí o wo bí tìrẹ ṣe máa ga. Kí Hirsch tó dé, Eugene Garfield ti dá Science Citation Index, àkójọ àwọn ìtọ́kasí, sílẹ̀ ní 1964, kí èèyàn lè tọpa ọ̀rọ̀ láti inú ìwé kan dé òmíràn. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni Scopus lóde òní. Impact factor tí Garfield náà mú wá, tó ń wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀) kan tó, àwọn ọ̀gá ilé ìkàwé ló wúlò fún, kí wọ́n lè mọ jọ́nà tó yẹ kí wọ́n rà. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìwé la wá gbé ka orí èèyàn yìí.

Àáró ni wọ́n ń fi ṣe é nínú ọgbà yunifásítì báyìí. Lónìí, gbogbo yín ẹ wá sóko mi, ẹ tọ́ka sí mi. Lọ́la, a ó dé oko tìrẹ. Àpilẹ̀kọ olójú ìwé mẹ́fà, orúkọ mẹ́sàn-án ló wà lórí rẹ̀: ẹnì kan kọ ọ́, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan san owó jọ́nà, àwọn mẹ́fà tó kù bá wọn yọ̀ ni. Bí ìgbéga bá sì sún mọ́lé, jọ́nà òkè òkun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojúlé rẹ̀. Fi dọ́là ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á ní àwọn ti yẹ iṣẹ́ rẹ wò, ó gbayì. Ọjọ́ mẹ́ta! Aṣọ tí mo gbé fún télọ̀ láti Iléyá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti fi ọjà yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2010, Cyril Labbé ní Grenoble fi kọ̀ǹpútà dá ọ̀mọ̀wé kan tí kò sí láyé, ó pè é ní Ike Antkare. Google Scholar, ibi tí Google ń to ìwé ìmọ̀ sí, fún un ní h-index 94, Einstein wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2024, ó kan ẹran ilé. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Reese Richardson àti Nick Wise, mú Larry, ológbò ìyá àgbà Reese, wọ́n sọ ọ́ di onímọ̀ ìṣirò. Wọ́n kọ àpilẹ̀kọ 12 tí kò lórí tí kò nídìí sí orúkọ rẹ̀, wọ́n tún kọ àwọn mìíràn tó ń tọ́ka sí wọn: ìtọ́kasí 132, h-index 11. Mo mọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí Larry ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó kéré tán, òun kò fi tirẹ̀ sí orí WhatsApp status.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi ìsọmọlórúkọ. Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó fi gàrí dídín rán an níléèwé, bi í pé èwo ló lókìkí jù nínú gbogbo ohun tó kọ. Ó ní èyí tó dá lórí májèlé inú ẹ̀gẹ́ ni.

"Ẹ̀gẹ́ tèmi yìí? Kí lo wá rí níbẹ̀, ọmọ mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún fìlà ṣe. "Màmá, ó wà ní Scopus."

Ìyá mi orí díẹ̀. "Ṣé ọkọ̀ ń débẹ̀?"