Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀: Bí A Ṣe Ń Bi Ẹni Tí Ayé Sú Léèrè

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ìròyìn bá dé pé ẹnìkan ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, òwe yìí ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó wá kí ẹbí. Wọ́n á ní ó ṣì rẹ́rìn-ín lánàá, ó ra búrẹ́dì wálé, ó kí gbogbo èèyàn ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí wọ́n ń fi òwe náà sọ ni pé kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún òwe náà gbọ́. Ó ní ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Kò ní ká má béèrè. Alángbá ni a ò lè fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, èèyàn kì í ṣe alángbá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 700,000 èèyàn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀, irú tiwa. Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ "àìsàn òyìnbó" tí àwọn kan ń pè é tì. Ó ń mú ọmọ yunifásítì, ó ń mú ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò rí oorun sùn, ó ń mú bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló sábà máa ń ṣáájú. "Ayé sú mi" nìkan kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá dúró fún wákàtí mẹ́ta náà máa ń sọ ọ́. Èyí tó yẹ kó mú wa dìde ni ọ̀rọ̀ tí ìdágbére bá wà nínú rẹ̀, tàbí èyí tí ẹni náà ti ń pe ara rẹ̀ ní ẹrù: "Ẹ ò ní pẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi." "Tí mi ò bá sí ńlẹ̀, nǹkan á rọrùn fún yín." "Bá mi mójú tó àwọn ọmọ." Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ wo ìyípadà. Ẹni tí kì í mutí ti di ọ̀mùtí. Ó ń jí ní aago mẹ́ta òru, kò lè padà sùn. Ó kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó ń pín aṣọ òkè àti aago ọwọ́ rẹ̀ fún èèyàn láìsí ayẹyẹ. Bí ẹni náà bá sì ti gbìyànjú rẹ̀ rí, kódà kó jẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ju ti ẹlòmíì lọ.

Ọ̀kan wà tó ń tan ẹbí jẹ jù: ẹni tó ti ń sunkún láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ara rẹ̀ wá balẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń pa á lẹ́kún kò yí padà. Ilé á ní àdúrà ti gbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ṣe ìpinnu ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ ká béèrè.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ohun tó ń di ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni ìgbàgbọ́ pé bí a bá dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, a ti fi sí i lọ́kàn nìyẹn. Àwọn olùwádìí ti yẹ èyí wò léraléra, lára ọ̀dọ́ àti lára àgbà, wọn ò rí i pé ìbéèrè ń bí èrò náà. Ẹni tí èrò náà kò sí lọ́kàn rẹ̀ á ní rárá, ẹ ó sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí èrò náà wà lọ́kàn rẹ̀ sábà máa ń mí kanlẹ̀, nítorí ó ti ń dá ẹrù náà gbé.

Ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní jálu ọ̀rọ̀, kí ẹ sì ní àkókò, ó kéré tán ìdajì wákàtí. Ẹ gbé fóònù sápò. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Kíkọjú síra ẹni máa ń dà bí ìfọ̀rọ̀wáni-lẹ́nuwò àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tó le máa ń rọrùn láti sọ nígbà tí ẹ bá jọ ń bó ẹ̀gúsí tàbí tí ẹ jọ ń rìn, tí ojú kò ní máa kan ojú. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: "Mo rí i pé o ò jẹun dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, o ò sì wá sí ìpàdé mọ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan máa ń gùn lójú ẹni tó béèrè, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ìdáhùn ti ń wá. Bí ó bá ti sọ díẹ̀, ẹ wá béèrè láìfi bọpo bọyọ̀: "Nígbà míì tí nǹkan bá le báyìí, èèyàn lè máa rò ó pé kí òun pa ara òun. Ṣé irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí ọ lọ́kàn?"

Fún àgbà, ọ̀wọ̀ ló yí padà, ìbéèrè náà kò yí padà: "Bùọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o. Bí ẹ ṣe ń ṣe láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ yìí ń já mi láyà. Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?" Bí àgbà náà bá jẹ́ ẹni tí ọmọdé kò gbọdọ̀ bi ní irú rẹ̀, ẹ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ dàgbà, kí ó béèrè lọ́jọ́ yẹn, kí ó má jẹ́ pé "a ó wá àyè." Ìbéèrè tó burú jù ni èyí: "O ò ṣáà ní ṣe nǹkan burúkú fún ara rẹ, àbí?" Ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé "rárá" ni à ń fẹ́ gbọ́, á sì sọ ọ́ kí a lè lọ.

Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni òwe yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù. "O ṣeun tó o sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀ nìkan." Ó tó. Ẹ má pariwo, ẹ má bú sẹ́kún lé e lórí. Ẹ má ní ọ̀run àpáàdì ló fẹ́ lọ. Ẹ má ní àwọn tí ìyà ń jẹ jù ú lọ ò kú. Àwọn tó ń sọ "Ṣé o ò ro ti ìyá rẹ ni?" máa ń rò pé okùn ìfẹ́ ni wọ́n ń jù sí i, ṣùgbọ́n ẹni náà ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ni òun ń pa ìyá náà lára, ọ̀rọ̀ yẹn kàn fi kún ẹrù ni. Bí ó bá sì ní kí ẹ búra pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má búra. Ẹ sọ fún un pé: "Mi ò ní tú ọ̀rọ̀ rẹ káàkiri, ṣùgbọ́n a nílò ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Jẹ́ ká jọ mú ẹni náà."

Ìbéèrè mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í: ṣé ó ti ro ọ̀nà tó fẹ́ gbà? Ṣé ó ti dá ìgbà? Ṣé ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí? Bí ó bá jẹ́ èrò lásán tó ń wá tó ń lọ, ẹ jọ dá ọjọ́ tí ẹ ó rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀nà àti ìgbà, ilé ìwòsàn di ti òní, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kódà fún ìgbà tí ẹ fẹ́ lọ wá ọkọ̀.

Òwe kan wà tó yẹ ká bá wí díẹ̀: ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà fi ń kọ́ ọmọ láti pa orúkọ ilé mọ́ ni. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí wọ́n bá ti gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún Aláàfin, ó mọ̀ pé ìlú ti kọ òun, ó sì di dandan kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òfin adé nìyẹn, adé ló sì mọ sí. Ẹni tó jẹ ayánilówó orí fóònù ní gbèsè kì í ṣe Aláàfin. Bẹ́ẹ̀ àwọn ayánilówó wọ̀nyí mọ ibi tó ń dùn wá: wọ́n á kó nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, wọ́n á máa ránṣẹ́ sí ọ̀gá, sí àna, sí pásítọ̀ pé olè ni. Bí ẹ bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Ẹ gba fóònù rẹ̀ tọ́jú fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹlòmíì máa ka àwọn ìhàlẹ̀ náà. Ẹ jọ kọ gbèsè náà sórí ìwé, ti ta ni àti èló. Gbèsè tó wà lọ́kàn sábà máa ń pọ̀ ju èyí tó wà lórí ìwé lọ. Kí àgbà kan nínú ẹbí ṣáájú pe àwọn àna àti ọ̀gá, kó sọ pé àwọn ti mọ̀. Ẹ̀sín tí gbogbo ilé ti gbọ́, tí ilé kò sì lé e jáde, agbára rẹ̀ ti dín. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Nǹkan inú ilé tó lè pa èèyàn ńkọ́? Ibi tí ìrora náà ti ga jù kì í pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wákàtí díẹ̀ ni, fún àwọn míì, ìṣẹ́jú. Ohun tí ọwọ́ kò bá tó láàárín àkókò yẹn lè jẹ́ ẹ̀mí tó yè. Sri Lanka ni ẹ̀rí tó tóbi jù: láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ìjọba wọn ti ń fòfin de àwọn oògùn apakòkòrò tó le jù, iye àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn sì fi nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Lọ́dọ̀ tiwa, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré apakòkòrò dichlorvos 100ml ní 2019, ṣùgbọ́n òfin ò wọ yàrá. Ẹ̀yin lẹ ó kó apakòkòrò kúrò nílé, tí ọdẹ bá wà nínú ẹbí, kí ìbọn rẹ̀ lọ sùn ní ilé ẹlòmíì. Oògùn tí dókítà kọ, kí ẹnìkan máa fún un ní ti ọjọ́ méjì-mẹ́ta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ilé á ti nǹkan mọ́ àpótí, wọn á gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sórí ìṣó. Èkejì ni pé wọ́n á kó o ní kọ̀rọ̀, ẹni náà á sì rò pé wọ́n ń ṣọ́ òun bí olè. Ẹ sọ fún un, kí ẹ jọ kó o.

Ilé ìwòsàn wo? Arò ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà. Tí wọ́n bá jìnnà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín jù, kí wọ́n kọ ìwé síwájú. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Bí ọmọ yín bá wà lókè òkun tó sì pè yín lóru, 116 123 ni ti Samaritans ní Britain, 988 ní Amẹ́ríkà, 188 ní Brazil. Ó ń dùn wá pé "wọ́n gbé e lọ sí Arò" ti di èébú. Ní àwọn ọdún 1950, Adéoyè Lambo jẹ́ kí ìbátan máa bá aláìsàn gbé ní àwọn abúlé tó yí Arò ká, nítorí ó mọ̀ pé ẹbí jẹ́ ara ìtọ́jú. Òfin náà ń bani lẹ́rù: abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lé ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni, bẹ́ẹ̀ òfin Èkó ní kí wọ́n fi ẹni náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ilé ń tìtorí ẹ̀rù yìí pa aláìsàn mọ́lé. Ẹ má ṣe é. Àdúrà lè máa lọ, kí pásítọ̀ tàbí ààfáà wá; ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má fi ààwẹ̀ lé e lórí, kí wọ́n má sì dè é mọ́lẹ̀.

Àjèjì ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó bá dá ṣọ́ èèyàn fún ọjọ́ mẹ́ta láìsùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kanra, ẹni tí ẹ̀ ń ṣọ́ á sì gbà pé òun ti di ẹrù lóòótọ́. Ẹ pín in láàárín èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ta ló ń sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ wo, ta ló ń bá a lọ rí dókítà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá kúrò ní ilé ìwòsàn, títí dé oṣù kẹta, ni ewu ti pọ̀ jù, ìgbà yẹn sì gan-an ni àlejò ti máa ń dín. Jerome Motto, dókítà kan ní San Francisco, kọ lẹ́tà kúkurú sí àwọn tó kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọn ò fẹ́ ìtọ́jú mọ́. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn; ó kàn ní òun ń rántí wọn. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, àwọn tó gba lẹ́tà náà tó kú dín sí àwọn tí kò gbà. Fóònù ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ọjọ́ sí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ kejì, ọjọ́ keje, ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí ọdún fi máa yípo. Ẹ má kọ "Ṣé o ti lo oògùn?" Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo kàn ní kí n kí ọ ni. Mo ra bọ̀ọ̀lì lónìí, mo rántí rẹ. Kò pọn dandan kí o dá mi lóhùn o, mo ń rò ọ́ ni."