Ìdérí kọ́ ló ń dí òórùn balùwẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ká pààrọ̀ ìdérí ihò omi balùwẹ̀, ká fi sìmẹ́ńtì funfun dí etí rẹ̀, pé òórùn á lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Irun àti èérún ọṣẹ ni ìdérí ń sẹ́. Omi tó dúró nísàlẹ̀, níbi tí páìpù ti tẹ̀ kọrọdọ, ló ń dínà fún afẹ́fẹ́ sókàwéè. Bó bá gbẹ, tàbí tí páìpù lọ tààrà bíi tiwa ní Mushin, ìdérí olówó gọbọi kò ní ràn án.

Ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Bí òórùn bá lọ, gbígbẹ ló gbẹ. Bí kò bá lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà: ṣé omi ń dán níbẹ̀, àbí òkùnkùn lásán?