Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Wọ́n fi ìrònú ṣáájú ọpẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ro ibi tí wọ́n ti gbé e bọ̀ àti ẹni tó gbé e, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ ẹ́ kó tó dúpẹ́. Bó ṣe yẹ kí ìjọsìn Kristẹni rí náà nìyẹn. Kó tó lanu kọrin, ó yẹ kó ti rò ó dénú pé Ọba ni Ọlọ́run. Sáàmù 115 ẹsẹ 3 ní Ọlọ́run wa ń bẹ ní ọ̀run, ohun tó wù ú ló ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọni lára, ìsìn ẹni ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Òwe kan wà tí a fẹ́ràn láti máa pa nínú ìjọ: ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òwe gidi ni láàárín èèyàn sí èèyàn. Ṣùgbọ́n ká ṣọ́ra bí a bá gbé e síwájú Ọlọ́run, torí kò pẹ́ tó fi ń sọ ìyìn di ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Ẹnu á máa kọrin, ojú á wà lára ohun tí a fẹ́ gbà. Bí ohun náà ò bá wá dé, orin dákẹ́ nìyẹn. Ọlọ́run ti dáhùn irú èrò bẹ́ẹ̀ nínú Sáàmù 50: bí ebi bá tiẹ̀ pa òun, òun ò ní sọ fún wa, torí òun ló ni ayé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí la wá fẹ́ fi ra ojú rere irú Ọba bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo Dáfídì nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 12. Ọmọ tí aya Ùráyà bí fún un ń ṣàìsàn. Wòlíì Nátánì ti sọ pé ọmọ náà á kú, síbẹ̀ Dáfídì gbààwẹ̀, ó sùn sórí ilẹ̀ mọ́jú, àwọn àgbà ilé rẹ̀ fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀. Lọ́jọ́ keje, ọmọ kú. Ẹ̀rù ń ba àwọn ìránṣẹ́ láti sọ fún un, àmọ́ bó ṣe rí i tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló ti fura. Ó bi wọ́n bóyá ọmọ ti kú, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde nílẹ̀, ó wẹ̀, ó fi òróró para, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ ilé Olúwa lọ, ó sì jọ́sìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lọ sílé tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ó ṣòro fún mi láti yára ka ibẹ̀ yẹn kọjá. Ẹni tí ebi ń pa, tí àdúrà rẹ̀ ò gbà bó ṣe fẹ́, ilé Olúwa ló kọ́kọ́ yà sí. Ohun tó tọrọ ò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ò yí padà. Ẹni tó bá sì ń sọ pé bí Ọlọ́run bá ti pinnu, kí là ń gbàdúrà fún, kó gbọ́ èsì Dáfídì: ta ló mọ̀ bóyá Olúwa máa ṣàánú mi kí ọmọ náà lè yè? Torí pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ìpinnu wà ló ṣe lọ bá a.

Nínú ìwé Dáníẹ́lì orí 3, ọba Bábílónì ní òun á ju Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò sínú iná bí wọn ò bá forí balẹ̀ fún ère òun. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tiwọn, wọ́n ní: Ọlọ́run lè gbà wá lọ́wọ́ iná. Bí kò bá tiẹ̀ gbà wá, a ò ní forí balẹ̀ fún ère rẹ, ìwọ ọba.

Gbígbà pé Ọlọ́run ni Ọba ò ní ká máa fi ẹ̀rín bo ẹkún o. Sáàmù 13 bi Olúwa pé yóò ti pẹ́ tó. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, inú òkùnkùn ló parí sí. Ẹni tí kò lágbára láti ṣe nǹkan kan, ta ní í gbẹ́jọ́ lọ bá a? Ẹni tó ń sunkún níwájú Ọlọ́run ti gbà pé Ọlọ́run ló láṣẹ.

Ìwọ tí ò ń dá gbàdúrà, wo bí Jésù ṣe to Àdúrà Olúwa: orúkọ Baba, ìjọba rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀, kí oúnjẹ òòjọ́ tó tẹ̀ lé e. Má fo mẹ́ta àkọ́kọ́ nítorí ìkánjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń darí ìsìn, ẹ má fipá mú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láti jó. Kò sẹ́ni tó ti Dáfídì wọ ilé Olúwa, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ̀ ọ́. Ẹ máa ka àwọn Sáàmù ẹkún sókè nínú ìjọ, ẹ kà wọ́n dópin, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ lè rí ọ̀rọ̀ bá Ọba rẹ̀ sọ.