Ẹ Má Pe Oko Olóko Ní Igbó Lásán

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n oúnjẹ bá ti jẹyọ ní Ìbàdàn, kì í pẹ́ tí ẹnì kan fi máa ní kí ìjọba kúkú kó ilẹ̀ fún àwọn òyìnbó kí wọ́n wá dáko. Pé láti Ìdó títí dé Ìbàràpá, igbó ló kún bẹ̀. Pé àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ roko mọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá, èmi náà ń ra gàárì. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ gba ọ̀nà Ọmí-Àdíò lọ lọ́jọ́ kan. Ibi tẹ́ ẹ rò pé igbó ni yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ inú rẹ̀. Ẹ ó rí ipa ebè tí koríko ti bò: ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀ kí olóko tó ní kí ilẹ̀ sinmi. Pèrègún tó tò lọ yẹn, ààlà oko méjì ni. Ọ̀pẹ tó dá dúró yẹn, ẹlẹ́mu kan ń gùn ún láràárọ̀. Ewé tí ìyá alámọ́ínmọ́ín ń rà lọ́jà, irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já a. Bí òjò bá dá, àwọn ọmọ á tan iná wá ìgbín níbẹ̀ lálẹ́. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó ń hàn nínú àwòrán tí wọ́n yà láti ojú sánmà, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń polówó ilẹ̀ fún olówó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe àlá. Ní 2008, nígbà tí oúnjẹ gbówó lórí káàkiri àgbáyé, ilé iṣẹ́ Daewoo Logistics ti Kòríà Gúúsù fẹ́ gba 1.3 mílíọ̀nù hẹ́kítà ní Madagásíkà fún ọdún 99, kó máa gbin àgbàdo àti ọ̀pẹ. Fún ẹni tó jẹ́ pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 nìkan ló mọ̀, hẹ́kítà kan tó bíi pulọ́ọ̀tì 15. Gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ látòkè délẹ̀ kò ju nǹkan bíi 2.8 mílíọ̀nù hẹ́kítà lọ, nítorí náà ẹ kàn fojú inú wò ó kí wọ́n fẹ́ kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Inú bí aráàlú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ló lé Ààrẹ Marc Ravalomanana kúrò lórí àlééfà ní oṣù kẹta 2009, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀. Andry Rajoelina tó gba ipò rẹ̀ wọ́gi lé àdéhùn náà.

Ní Gambella, lápá ìwọ̀ oòrùn Etiópíà, ilẹ̀ tó ṣófo ni ìjọba pe ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn Anuak tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ látayébáyé ńkọ́? Karuturi, ilé iṣẹ́ Íńdíà kan tó ti lókìkí nídìí òdòdó rósì, gba 100,000 hẹ́kítà. Odò Baro kún, ó gbé àgbàdo wọn lọ. Nígbà tí ìjọba fi máa gba ilẹ̀ padà ní ìparí 2015, díẹ̀ péré ni wọ́n tíì ro nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n torí ẹ̀ lé olóko kúrò, kò sí níbì kan.

Síbẹ̀, àlejò kọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní oṣù kẹta 1978 kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ó lè gba oko yín bó bá ti jẹ́ pé ire aráàlú ni, òfin náà sì ka ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́ ire aráàlú. Tó bá wá di owó gbà-máà-bínú, wọ́n á ka ilé, wọ́n á ka kòkó, wọ́n á ka ẹ̀gẹ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Iye owó ilẹ̀ tí ẹ san lọ́dún tí wọ́n gbà á ni òfin ní kí wọ́n fún yín. Ẹ dákun, ta ni nínú àwọn bàbá wa ló ń sanwó ilẹ̀ fún ìjọba lórí oko àjogúnbá? Òdo ni wọn ó bá nílé.

Mi ò tíì mẹ́nu ba àwa fúnra wa o. Olórí ẹbí tó ń tẹ̀ka sí ìwé tí kò kà, ọmọ onílẹ̀ tó ta ibi tó ti tà tẹ́lẹ̀, àti ìyàwó ilé tó ti ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wálé, tí ẹnikẹ́ni ò pè sí ìpàdé. Ìlú tí Agbẹ́kọ̀yà ti dìde ní 1968 nítorí owó orí, a wá di ẹni tó ń tẹ̀ka láìbéèrè!

Ẹnì kan á ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé yẹn, ńkọ́? Òótọ́ ni, wọ́n ti wà ní Ìbàdàn láti 1967 lórí bíi 1,000 hẹ́kítà. Ṣùgbọ́n igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n tún ṣe níbẹ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀ wa, a sì ń jẹ ẹ́ lónìí. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí wọ́n gbin nǹkan sórí ilẹ̀ wa kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Tèmi ni pé kí àlejò san ìṣákọ́lẹ̀ bí àlejò ṣe ń san án tẹ́lẹ̀. Kí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ọdún 10, ká sì tún iye owó náà wò bó bá pé ọdún márùn-ún. Ibi tí kò bá ro láàárín ọdún mẹ́ta, kó dá a padà. Kí owó náà kan ẹni tó ń dáko níbẹ̀, kó má ṣe parí sápò mọ́gàjí. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ka, kí wọ́n ka àdéhùn náà ní Yorùbá lójú gbogbo abúlé, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí àwọn obìnrin náà lè wà níbẹ̀.