Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí tanboríìnì

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa. A ti rí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa. Ẹ kú ìkórè tó kọjá.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tí ọ̀gá wa kọ ni pé a ta ayédèrú tanboríìnì fún àwọn, pé ó já bọ́ lórí dírọ́ọ̀mù lójú gbogbo ìjọ, pé ariwo rẹ̀ bo ohùn Pásítọ̀ mọ́lẹ̀, pé "ọmọdébìnrin kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ìlù" ló dá àwọn lóhùn, pé a kọ̀, a ò gba ọjà padà, àti pé kí ẹnikẹ́ni má bá wa rajà mọ́. Wọ́n tún sọ nǹkan kan nípa ṣaworo. A ó dé ibẹ̀.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ tiwa.

Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ni ọ̀gá wa wọ ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èmi fúnra mi kò sí nílé, mo bá ọ̀rẹ́ mi sìnkú ìyá rẹ̀ lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n gbogbo bó ṣe lọ ni mo gbọ́ kí n tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ló wà nídìí káńtà. Ó kúnlẹ̀ kí yín. Ìyá tó ń ta ike ní ṣọ́ọ̀bù kejì rí i. Ẹ ní tanboríìnì tí wọ́n ń dè mọ́ dírọ́ọ̀mù lẹ fẹ́, kì í ṣe èyí tí àwọn màmá ń gbọ̀n lọ́wọ́. Ó gbé e wá: oníke pupa, ṣaworo rẹ̀ onílà méjì, irin oníhò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì elétí tí wọ́n ń fi ọwọ́ dè. ₦18,000 ni. Ẹ ná an títí ó fi di ₦15,500. A gbà.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ náà sọ fún yín pé tanboríìnì yẹn kì í dá dúró. Ọ̀pá irin tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀dù, oní 3/8 ínṣì, ni wọ́n ṣe ihò ara rẹ̀ fún, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 9 àbọ̀. Clamp, irin agbámú, ló ń gbá ọ̀pá ìdúró kímbálì (àwo idẹ tí onílù ń fi sítíkì lù) mú, rọ́ọ̀dù á ki ara bọ inú clamp, tanboríìnì á wá wọ orí rọ́ọ̀dù, ẹ ó fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Ó gbé clamp àti rọ́ọ̀dù síwájú yín, ₦9,000 àwọn méjèèjì. Ẹ ní ẹ ti ní irin nílé. Ẹ wá bi í, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu yín: "Níbo ni ọ̀gá ẹ wà? Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní dírọ́ọ̀mù?"

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bi ní ìbéèrè yìí ló ń lu dírọ́ọ̀mù ní ìjọ tiwa láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tó pẹ́dà kàn. Òun ló ń pààrọ̀ awọ, òun ló ń fà á kó dún bó ṣe yẹ. Àwọn onílù tó ń wá láti Ìbòkun, láti Ẹ̀sà-Òkè, títí dé Òṣogbo, òun ni wọ́n ń béèrè tí wọ́n bá wọlé, kì í ṣe èmi. (Ó ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.) Kò bá yín jiyàn. Ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé: "Oníbàárà kò mú clamp àti rọ́ọ̀dù." Ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ìbuwọ́lùwé yín dára púpọ̀, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ẹ kàwé.

Ó wá di Sọ́ńdè, ọjọ́ 19, ọjọ́ ìkórè. Irin tí ẹ ní ẹ ní nílé, ibo ló wà? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé fọ́tò síta, a sì fẹ̀ ẹ́ lójú wò. Irin àárín hi-hat ni, ìyẹn kímbálì méjì tó dojú kọra tí pẹ́dà ń pa pọ̀! Irin tín-ín-rín tó ń fa kímbálì òkè, tí kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ, lẹ gbé ihò mìlímítà 9 àbọ̀ kọ́. Ṣóńṣó nọ́ọ̀tì nìkan ló kan irin yẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, irin á lọ sókè sódò, nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì mọ orin ìdúpẹ́ níbí: tí àwọn ìyá ìjọ bá ti gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí, tí wọ́n ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, onílù kankan kì í tẹ pẹ́dà jẹ́jẹ́. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé orin kẹta ló já bọ́. Orin méjì gbáko ló fi fara dà á níbi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀. Ayédèrú nìyẹn?

Tanboríìnì ti hi-hat wà o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, a sì ń tà á. Ó kéré, ó fúyẹ́, ihò rẹ̀ ṣe wẹ́kú irin yẹn, òkè kímbálì ló ń jókòó sí. ₦7,000 péré ni, kò tó ìdajì owó tí ọ̀gá wa san. Dídùn rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ló ń lù ú: ẹ tẹ pẹ́dà, ó dún, ọwọ́ méjèèjì ṣì wà fún iṣẹ́ míì. Wàhálà rẹ̀ sì ni pé bí ẹ kò bá fẹ́ kó dún, àfi kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ èyí tó ń wọ orí rọ́ọ̀dù lẹ fẹ́, ẹ yí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta ọ̀pá kímbálì sí abẹ́ ibi tí rọ́ọ̀dù nà sí, kí ọ̀pá má baà dojú dé. Ike ni kí ẹ fi ara sítíkì lù, ẹ má fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ṣaworo. Gbogbo èyí ni ọmọ yẹn ń sọ fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n bá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ti ariwo. Ẹ ní ẹ fẹ́ èyí tó "máa jáde dáadáa". Ṣaworo irin máa ń dún ganranran, ti idẹ rọlẹ̀ jù ú lọ. Onílà méjì sì pariwo ju onílà kan. Irin onílà méjì lẹ mú, ẹ wá gbé e sábẹ́ máíkì tó wà lókè kímbálì. Ó jáde. Tí Pásítọ̀ bá wá ń wàásù tí ẹsẹ̀ yín kò kúrò lórí pẹ́dà, ẹsẹ̀ kọ́ la tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Ta ló sọ fún yín pé ọjà LP la tà fún yín, iléeṣẹ́ ohun èlò ìlù tí Martin Cohen dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1964? Ta ló ní Meinl ni, ará Jámánì tó ti wà láti 1951? Àwọn yẹn wà, ẹ mú owó wọn wá. Ṣáínà ni tiwa, wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ gàdàgbà, owó tí ẹ san sì jọ ọ́. Ọjà tí kò jẹ́ orúkọ kankan, orúkọ ta ló jí?

Ti ṣaworo mẹ́ta tí ẹ ní ó ti ń yọ kí ó tó ṣubú rárá, nínú ariwo ìkórè bẹ́ẹ̀ ta ló lè mọ èyí tó ṣáájú? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Túsìdé, ọjọ́ 21, ẹ wá bá èmi fúnra mi. Ẹ fẹ́ gba owó yín. Mo fi ohun tí a kọ sára ògiri hàn yín, pé ọjà tó bá ti fọ́ kò ṣe é dá padà. Ọ̀dà pupa la fi kọ ọ́. Ẹ pariwo. Mo ní kí wọ́n fún yín ní omi tútù. Ẹ mu ún tán. Omi yẹn kò sí nínú ohun tí ẹ kọ.

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi, aṣọ ló tà kiri. Ó lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ajigbèsè, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tó lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ rí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí mi nítorí ₦15,500. Nítorí náà, ẹ gbé e wá. A ó fún yín ní tuntun, àti clamp, àti rọ́ọ̀dù, lọ́fẹ̀ẹ́. A ó fi ti hi-hat onídẹ kan lé e, kí Pásítọ̀ lè sinmi. Ọmọ àbúrò mi yóò wá sí ìjọ yín lọ́jọ́ tí akọrin bá ń ṣe ìgbáradì, yóò dè wọ́n sí ààyè wọn, yóò sì bá yín fa awọ snare yẹn, ìlù kékeré tó wà níwájú onílù, ó ti rọ̀ lójú fọ́tò pàápàá. Owó mọ́tò rẹ̀ wà lọ́rùn wa. Tó bá dé, ẹ má bi í níbi tí ọ̀gá rẹ̀ wà.

Tí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ bá wa mú kọ́kọ́rọ́ dírọ́ọ̀mù, irin kékeré tí wọ́n fi ń fa awọ ìlù, tí ẹ mú lórí káńtà lọ́jọ́ Túsìdé yẹn dání. Ẹ ní ẹ kàn fẹ́ fi dè nǹkan kan nínú mọ́tò, ẹ ń dá a padà báyìí-báyìí.