Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìlà pupa yìí!

Ta ló rán mi níṣẹ́? Ta ló ní kí n ju bírò nù, kí n wá máa fi máòsì yàwòrán nínú áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Kubwa, l'Abuja níbí. Tí iṣẹ́ bá ti wọlé, màá ya bí ilé náà ṣe rí: ibi tí páànẹ́lì máa wà, ibi tí ínfátà tó ń sọ iná sólà di iná ilé máa dúró, ibi tí wáyà máa gbà. Ẹ̀yìn rìsíìtì ni mo máa ń yà á sí tẹ́lẹ̀, màá ya fọ́tò ẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ iṣẹ́ lórí WhatsApp, ó parí. Àbúrò mi ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ayé ti kúrò níbẹ̀ o." Èmi náà sì gbọ́ sí i lẹ́nu.

Ká sòótọ́, ó mọ́ lójú. Àpótí á gún régé, ọfà á lọ tààrà. Ìgbà tí o bá fẹ́ fọwọ́ ara ẹ fa nǹkan lé e lórí lo máa tó mọ ẹni tó ò ń bá ṣe. Mo fẹ́ fi pupa yí ibì kan po, kí àwọn ọmọ lè rí ibi tí wọ́n máa lu ihò sí. Ọwọ́ mi wà níhìn-ín, ìlà ń jáde lọ́hùn-ún, ní ìwọ̀n ìka méjì síra wọn! Mo ní kí n pa díẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ ló lọ pátá, torí mi ò gbọ́wọ́ sókè látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni lójú tiẹ̀. Mo tún un fà. Áàpù ní òun ń bá mi tún un ṣe, ló bá sọ ọ́ di òbìrí tó dán gbinrin, ó gé ìrù tí mo fà síta láti fi tọ́ka ibi tí ihò máa wà. Ta ló bẹ̀ ọ́?

Mo kọ̀wé sáwọn tó ni áàpù náà. Wọ́n ní kí n pa káàṣì rẹ́, ìyẹn ohun tí bíráúsà tí mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì tọ́jú pamọ́. Mo pa á rẹ́, mo pa kúkì mọ́ ọn, gbogbo ibi tí mo ti wọlé ló lé mi síta. Wọ́n ní kí n lo bíráúsà mìíràn. Iná lọ. (Ẹ má bi mí bóyá èmi tí mò ń ta sólà ní sólà nílé.) Òru ni mo fúnra mi tó rí i: mo ti sọ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà di ńlá sí 125% torí ojú tó ń dàgbà, bíráúsà náà tún wà ní 110%. Mo dá méjèèjì padà sí 100%, ìlà bọ́ sábẹ́ ọwọ́ mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta!

Ìyẹn ṣì kéré. Alhaji kan ní Suleja ní òun ò fẹ́ ínfátà nítòsí ilé ìdáná mọ́, kí n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fa àpótí ínfátà lọ. Àwọn ọfà tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ. Ìlà pupa mi ńkọ́? Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sí ilé ìdáná! Wọ́n ti so ọfà mọ́ àpótí, ṣùgbọ́n èyí téèyàn fọwọ́ fà dá wà láyè ara ẹ̀ ni, àfi tí o bá mú òun àti àpótí, tí o dì wọ́n pọ̀. Mi ò mọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló sì wà lójú mi nígbà yẹn. Mo sọ ọ́ di PDF, mo fi ránṣẹ́.

Ní aago mọ́kànlá, ọmọ iṣẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́: "Ọ̀gá, a ti lù ú o." Táìsì ilé ìdáná Alhaji ti sán láti òkè délẹ̀, eruku funfun bo ìkòkò tuwo. Alhaji ò bú mi. Ó kàn mi orí, ó ní, "Haba, Bayarabe!" (Bẹ́ẹ̀ ni Hausa ń pe ọmọ Yorùbá.)

Mo dé ọjà Dei-Dei, wọn ò ta táìsì ẹyọ kan, odidi páálí ni. Àwọn tó ni áàpù sì fèsì pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ pé kó máa ṣe nìyẹn, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Mo níṣẹ́ ní Gwarinpa lọ́jọ́ Ajé. Bírò pupa méjì wà lápò mi. Ẹni tó bá tún pè mí ní ará àtijọ́, kó kọ́kọ́ wá san owó páálí táìsì.