Àtúnṣe: Àyẹ̀wò oníná tó dára kò ní kí iṣan má bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí Wasáàpù pé bí àyẹ̀wò iṣan oníná (èyí tó ń fi iná díẹ̀ wo bí àwọn okùn tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́) bá dára, tí ṣúgà àárọ̀ náà sì dára, àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jó èèyàn bí iná kò ju ìrònú lọ. Kì í ṣe òótọ́.

Okùn iṣan ńláńlá nìkan ni àyẹ̀wò yẹn ń wọ̀n. Àwọn tín-ín-rín tó ń gbé ìrora àti ooru kì í hàn níbẹ̀. Awọ bíńtín ni dókítà máa gé, mìlímítà 3 ní fífẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè kókósẹ̀, kí wọ́n lè ka iye okùn iṣan inú rẹ̀.

Ó wá ku okùnfà. Ṣúgà àárọ̀ nìkan lè tan èèyàn jẹ: láìtíì jẹun, ẹ mu gúlúkóòsì gíráàmù 75 níwájú àwọn dókítà, kí wọ́n wọn ṣúgà yín lẹ́yìn wákàtí 2. Bó bá wà láàárín 140 sí 199 mg/dL, ìkìlọ̀ àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ẹ béèrè nípa fítámì B12, táírọ́ìdì (ẹṣẹ́ ọrùn), HIV, mẹ́dọ̀wú C àti àìsàn Sjögren (tó máa ń mú kí ojú àti ẹnu gbẹ). Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání. Fítámì B6 àlòjù, tí ọ̀pọ̀ ń rà nítorí iṣan, ń ba iṣan jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.